Opó jẹ gbèsè, wòlíì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀

  Lẹ́tà yín ń wọlé bí òjò. Ẹni tí a kò bá tíì dá lóhùn, kó fọwọ́ wọ́nú, tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Lẹ́tà kan tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló kọ ọ́, tàbí kí n wí pé ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọjà rẹ̀, bó ṣe bẹ̀ mí nìyẹn. Ọkọ ìyá yìí ti kú. Ó jẹ gbèsè, gbèsè náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń wá gbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí òjò ń rọ̀, bí òjò ò rọ̀. Ó wá lọ síbi ìsọjí kan. Oníwàásù ní kí gbogbo onígbèsè tó bá nígbàgbọ́ kó owó tó kù lọ́wọ́ wọn wá síwájú pẹpẹ, pé Ọlọ́run yóò sọ ọ́ di púpọ̀ bó ṣe sọ òróró opó di púpọ̀ nínú Bíbélì. Owó tó kù lọ́wọ́ ìyá yìí kò ju owó ọjà rẹ̀ lọ. Kò mú un lọ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, ṣé àìnígbàgbọ́ ni mo ṣe yẹn?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ìbéèrè yìí ju ẹnu mi lọ. Oníwèé mẹ́wàá ni mí, n kì í ṣe pásítọ̀, n kì í ṣe wòlíì, ìròyìn ni mò ń kọ jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníròyìn náà ni kó lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Mo gbé Bíbélì, mo ṣí ibi tí ìtàn opó yẹn wà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbẹ̀, nítorí ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ohun tí wọ́n sọ fún ìyá wa.

Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, láti ẹsẹ 1 dé 7, ibẹ̀ ló wà. Ẹsẹ méje péré, kò gùn tó lẹ́tà ìyá elélùbọ́. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 2,800 ọdún báyìí, nígbà ayé wòlíì Èlíṣà. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń kà wá, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ni Kùránì pè ní Alyasa.) Obìnrin kan wà, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn wòlíì. Ọkọ kú. Ohun tó fi sílẹ̀ fún ìyàwó ni ọmọkùnrin méjì àti gbèsè. Olówó kò ní àga tàbí aṣọ ni òun fẹ́ gbà o. Àwọn ọmọ méjèèjì ló ń bọ̀ wá kó lọ ṣe ẹrú.

Bíbélì kò sọ ohun tí bàbá yẹn yá owó ṣe. Josephus, òpìtàn Júù tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ pé àwọn èèyàn ní Ọbadáyà ni ọkùnrin náà, ẹni tó fi 100 wòlíì pamọ́ sínú ihò àpáta nígbà tí Jésíbẹ́lì ìyàwó Ọba Áhábù ń pa wọ́n, pé owó tó fi ń bọ́ wọn ló yá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé oore ló sọ ọ́ di onígbèsè. Kódà bí a bá fi ti Josephus sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí níwájú Èlíṣà pé ọkọ òun bẹ̀rù Ọlọ́run, Èlíṣà kò sì já a nírọ́. Ọkùnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run kú sínú gbèsè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń pariwo lé yín lórí pé ẹ̀ṣẹ̀ yín ló kó yín sí gbèsè.

Ọ̀rọ̀ kíkó ọmọ lọ yìí, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀fà ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ sí ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà á máa roko olówó, iṣẹ́ tó sì ń ṣe yẹn, èlé lásán ni. Kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú ojú owó. Ọmọ lè ti ibẹ̀ di géńdé kí gbèsè náà ṣì wà bó ṣe wà. Bí olówó kò bá gba ìwọ̀fà, ó lè rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè, kí ológò máa pa adìẹ tó bá bá lójúde jẹ, kó sì máa bú gbogbo agboolé títí owó yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn dé, àwọn tí a ń pè ní Òṣómàáló, pé lórí ìlóṣòó làwọn yóò wà lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí àwọn yóò fi gbowó àwọn. A ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lóṣòó tì kò rẹ́rìn-ín o.

Òfin Mósè kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ní Ísírẹ́lì. Òfin ní kí wọ́n má gba èlé lórí owó tí wọ́n yá tálákà. Ó ní kí wọ́n má gba aṣọ opó ṣe ohun ìdógò, kí wọ́n má sì gba ọlọ tí èèyàn fi ń lọ ohun tí yóò jẹ. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ fi máṣíìnì yín rọ́pò ọlọ yẹn, ẹ ó rí i pé ẹni tó ṣòfin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ó tún ní tó bá ti di ọdún keje, kí wọ́n dárí gbèsè ji ara wọn. Òfin dára, àmọ́ inú ìwé ni òfin wà, ẹnu ọ̀nà ni olówó wà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Èlíṣà, Nehemáyà tún bá a níbẹ̀ pé àwọn èèyàn ń fi ọmọ wọn yáwó láti ra ọkà, òun ló pe àwọn ọlọ́rọ̀ jọ, tó bá wọn wí gidigidi, tó ní kí wọ́n dá oko àti ilé padà fún àwọn tó ni ín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ opó wa. Ó ké lọ bá Èlíṣà. Wòlíì béèrè ohun tí òun lè ṣe fún un, ó sì bi í léèrè ohun tó kù nílé. Ẹ gbọ́ ìdáhùn obìnrin, bí ẹni pé inú ọjà wa níbí ló ti ń sọ̀rọ̀: ó ní kò sí nǹkankan rárá nílé, àfi ìkòkò òróró kan. Òróró yìí kì í ṣe epo pupa o, kì í ṣe òróró ẹ̀pà. Ti igi ólífì ni. Wọ́n ń fi í se oúnjẹ, wọ́n ń fi í tan fìtílà, wọ́n ń fi í para, òun náà ni wọ́n ń dà sórí ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi jọba. Ọjà tí kì í kùtà ni. Obìnrin yẹn kò ka ìwọ̀nba tó ní sí nǹkan, wòlíì ló kà á sí.

Nísinsìnyí, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ti hàn. Ṣé Èlíṣà ní kó gbé ìkòkò náà wá? Ṣé ó ní kó dà á sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun? Rárá o. Ó ní kó padà sílé, kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kí ó má yá díẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí ó sì máa dà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìkòkò yìí, nítorí àwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n lè dé ibi iṣẹ́ ìyanu. Obìnrin yìí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó jẹ gbèsè. Olówó ti ń bọ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, tí onígbèsè wá yá ìkòkò yín, ẹ kò ní bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò sì ní ìdáhùn kan tó mọ́gbọ́n dání tó lè fún yín. "Mo ní ìkòkò òróró kan, mo fẹ́ máa dà á sínú ogún ìkòkò." Ẹ ó ní ọ̀fọ̀ ọkọ ti dà á lórí rú. Bẹ́ẹ̀, bí olówó bá dé lójijì, ta ló mọ̀ bóyá yóò kó ìkòkò tiyín náà mọ́ ẹrù onígbèsè? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta òróró sì mọ̀ pé ìkòkò amọ̀ tí òróró bá ti wọ̀ lára, kò ṣe é pọn omi mọ́. Ẹni tó yá obìnrin yìí ní ìkòkò fi nǹkan rẹ̀ wewu.

Síbẹ̀, wọ́n yá a. Bíbélì kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Kò ní ẹnì kan gbàdúrà tàbí rí ìran. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ìkòkò jáde. Ojú tèmi ni pé ìgbàgbọ́ tiwọn ló jẹ́ kí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ rí ibi dúró sí. Ẹ tún wò ó: òróró kò dá títí ìkòkò fi tán. Ìgbà tí ọmọ sọ fún un pé kò sí òmíràn mọ́, ìgbà náà ló dá. Bí àdúgbò bá yá a ní márùn-ún péré, márùn-ún ló máa kún. Bí ojú bá tì í láti kan ilẹ̀kùn kẹwàá, ẹ̀kẹsàn-án ni òróró máa dúró sí.

Ilẹ̀kùn tó tì yẹn náà ń yà mí lẹ́nu. Wòlíì kò sí nínú yàrá yẹn! Kò sí ìlù, kò sí gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó ń ka iye ìkòkò fún èrò. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó lọ ṣe ẹrú, àwọn ló ń gbé ìkòkò fún ìyá wọn. Ọwọ́ ìyá wọn náà ló ń da òróró, ó sì dájú pé ọwọ́ náà ro ó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí ó tán, ó padà lọ sọ fún Èlíṣà. Ó lè má lọ. Ẹlòmíràn á ti kó ọmọ sá lọ pẹ̀lú òróró òru. Èlíṣà ní kó lọ tà á, kó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ máa fi ìyókù gbé ayé. Ẹ gbọ́ o: kó san gbèsè! Kò ṣépè fún olówó. Kò ní kí iná jó ìwé gbèsè. Mo ti wà níbi àdúrà tí wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run kó mú ẹni tó yá wọn lówó lọ kí oṣù tó parí, àmín rẹ̀ sì ń mi òrùlé. Wòlíì yìí kò mọ irú àdúrà yẹn. Olówó gba owó rẹ̀, obìnrin gba ọmọ rẹ̀. Ó tún di dandan kó ru òróró lọ sọ́jà, kó ná an, kó bá oníbàárà tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ jà, kó sì dá ìkòkò oníkòkò padà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Èyí kò sí nínú ẹsẹ méje yẹn, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà wo ló máa ka ìtàn náà tí kò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo wá ibi tí Èlíṣà ti gba tirẹ̀, n kò rí i. Kò gba ìdá mẹ́wàá òróró, kò gba ìkòkò kan fún ọpẹ́. Bí ẹ bá ṣí orí 5, ẹ ó bá Náámánì níbẹ̀, ọ̀gágun Síríà, ọlọ́lá, tó rí ìwòsàn ẹ̀tẹ̀, tó sì kó fàdákà, wúrà àti aṣọ wá fún wòlíì. Èlíṣà búra pé òun kò ní gbà á. Géhásì ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sáré tẹ̀lé ọkùnrin náà lẹ́yìn, ó purọ́, ó gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti aṣọ méjì. Ẹ̀tẹ̀ Náámánì lẹ̀ mọ́ ọn lára lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí àwọn tó ń fi ìtàn òróró gbowó máa ka orí 5 mọ́ orí 4.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní, "Akọ̀wé, opó Sáréfátì ńkọ́?" Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 17. Ìyàn mú. Èlíjà, ọ̀gá Èlíṣà, bá opó kan tí ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan àti òróró díẹ̀ kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré fún òun ná. Obìnrin ṣe é, ìyẹ̀fun kò sì tán. Èyí ni wọ́n máa ń fi mú yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo Èlíjà fúnra rẹ̀. Ebi ń pa á, kò ní mọ́tò, kò ní ilé mìíràn tó ń lọ. Ó wọ ilé opó yẹn, ó gbé ibẹ̀, inú ìkòkò kan náà ni òun, obìnrin àti ọmọ ti ń jẹun lójoojúmọ́. Bí ìyẹ̀fun bá tán, ebi á pa òun náà. Nígbà tí ọmọ obìnrin náà kú, kò jìnnà, òun ló gbé e lọ sórí ibùsùn ara rẹ̀, tó ké pe Ọlọ́run títí ọmọ fi jí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀kúnwọ́ ìkẹyìn lọ́wọ́ yín, ẹ bi í bóyá yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ yín.

Ọmọlúàbí oníwàásù pọ̀ o, kí n má purọ́. Mo mọ àwọn tó ń san owó ilé ìwé ọmọ opó láì jẹ́ kí ìjọ gbọ́. Ọrẹ pẹ̀lú kò burú, ẹni tó bá ní kó mú wá. Ṣùgbọ́n Jésù fúnra rẹ̀, nínú Máàkù orí 12, kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé òfin tó ń gbàdúrà gígùn tí wọ́n sì ń jẹ ilé àwọn opó run. Ojú ewé kan náà ni opó tó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí wà. Wọ́n máa ń ka ti owó wẹ́wẹ́, wọ́n á fo èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá mi elélùbọ́, ìdáhùn mi rèé, bí ọmọ ṣe lè dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ẹ kò ṣe àìnígbàgbọ́. Owó ọjà yẹn ni ìkòkò òróró tó kù nílé yín, Èlíṣà pàápàá kò ní kí opó gbé e kúrò nílé. Ẹ sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi ra èlùbọ́. Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ó tó wá bá yín, ẹ sọ iye tí agbára yín ká lọ́sẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni ẹ ti yá a, ẹ ní ọmọ tó ń bá yín kọ̀wé, kó bá yín wò ó dáadáa. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn ń kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè pé olè ni onítọ̀hún. Òṣómàáló tuntun nìyẹn, inú fóònù ló ń lóṣòó sí. A lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó sún mọ́ yín gbọ́. Èyí ló le jù, mo mọ̀. Ojú máa ń ti àwa Yorùbá láti sọ pé a jẹ gbèsè, a lè wọ aṣọ ẹbí lọ sóde kí ebi máa pa wá. Ṣùgbọ́n opó Ísírẹ́lì kan ilẹ̀kùn. Bóyá ẹni tó ń ko èlùbọ́ wá láti Ṣakí yóò fún yín ní àpò méjì láwìn. Bóyá ìyálọ́jà yóò sọ pé kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ èsúsú jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹni tó bá kó èsúsú lákọ̀ọ́kọ́, owó tí ẹlòmíràn kò tíì rí gbà ló ń ná, ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló sì dúró fún un. Mo rò pé ìkòkò òfìfo ni ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí mọ́ wa, ẹnì kan lè wà ní ìsọ̀ kejì sí tiyín lọ́la tó fẹ́ yá nǹkan, tí kò ní lè ṣàlàyé dáadáa. Bí ẹ bá ti yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan rí, ìbáà jẹ́ àpò ọjà, máṣíìnì tàbí owó, ẹ kọ ọ́ sí wa. Bó san án, ẹ kọ ọ́. Bí kò san án, ẹ kọ ìyẹn náà, a ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má kọ orúkọ onígbèsè sínú rẹ̀ o, ojú ìwé kan ni kó jẹ́, kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kó ṣe é kà.